Oògùn eegun ń ta Iye láyà, ṣé kó jù ú nù?

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi, àtèyí tó wà nílé àtèyí tó wà lẹ́yìn odi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, àfi bíi pé ẹ jọ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ eegun ló kún inú ẹ̀. Bóyá torí òjò ni, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ti ń yọ̀, àwọn ìyá wa ń ṣubú. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀, mo fi èyí tó gùn jù ṣáájú torí òun lọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ jù. Ẹ má gbàgbé o, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mi ò kì í ṣe dókítà, ohun tí mo bá sọ níbí ẹ gbé e lọ bá dókítà tó ń wo èèyàn yín, kóun náà fojú ara ẹ̀ wò ó.

Òkun o, Mama. Iye mi, ìyẹn ìyá tó bí mi, ti pé ẹni ọdún 72, Ìsánlú ló ń gbé. Lọ́dún tó kọjá ó yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ìṣubú tí ò tó nǹkan rárá, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ bá ṣẹ́. Wọ́n ní ká ya èksíréè ẹ̀yìn ẹ̀ náà torí ó ti ń tẹ̀, wọ́n bá rí eegun méjì tó ti rún nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, a ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Dókítà ní osteoporosis ni, àìsàn tó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́, ó kọ alendronate 70 fún un, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ní àyà ń ta òun bí ẹni gbé ata gbígbẹ mì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó wá ka ìwé inú páálí oògùn yẹn, ó ní ó wà níbẹ̀ pé ó lè jẹ́ kí eegun àgbọ̀n kú, pé ó tún lè ṣẹ́ itan. Ó ní oògùn eegun wo ló ń ṣẹ́ eegun, pé kí Iye jù ú nù, ká máa fi àgbo tọ́jú ẹ̀. Dókítà ní kó máa lò ó lọ. Èmi wà láàárín, mi ò mọ èyí tí mo máa gbọ́. *Ọmọ Iye, Ìsánlú.*

Ọmọ mi, bí mo ṣe ka lẹ́tà yẹn tán, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé báwo gan-an ni Iye ṣe ń lo oògùn yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi pè ẹ́ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún mi. Iye máa ń jí láago márùn-ún ìdájí, á ju oògùn sẹ́nu, á fi omi ẹnu méjì péré gbé e mì torí kí ìtọ̀ má baà máa gbọ̀n ọ́n lásìkò àdúrà, á gbàdúrà ẹ̀ tán kíá, á sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó bá ní òun ò fẹ́ rí i sójú, ọmọ ọmọ ẹ̀ á lọ̀ ọ́ kúnná sínú ògì fún un. Há! Mo káwọ́ lérí.

Alendronate ò rí bíi Panadol tẹ́ ẹ lè gbé mì bó ṣe wù yín. Tí hóró ẹ̀ bá dúró sójú kan lọ́nà ọ̀fun, ńṣe ló máa ń bó ibẹ̀. Omi ẹnu méjì ò lè gbé e dénú, á lẹ̀ mọ́ àárín àyà, téèyàn bá tún wá dùbúlẹ̀, ohun tó ti dé ikùn pẹ̀lú omi kíkan inú ikùn á tún máa sun padà wá sókè. Ata gbígbẹ tí Iye ń pariwo yẹn, kò parọ́ rárá. Tinú ògì yẹn wá ńkọ́? Ìyẹn ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ kankan. Oògùn yìí ṣòro láti wọ ara débi pé bí inú bá tiẹ̀ ṣófo pátápátá, ohun tó ń dénú ẹ̀jẹ̀ ò tó 1 nínú 100, ẹ wá fi ògì àti mílíìkì bò ó mọ́lẹ̀, kí ló kù? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Iye ti fi ń jẹ ìyà oògùn, mi ò rò pé ó tíì jẹ èrè ẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó lò ó rèé. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí kò ní gbàgbé, bí àárọ̀ Sátidé. Kó jí, kó má jẹ nǹkankan, kó má mu nǹkankan. Ẹ já púrẹ̀ wọ́tà kan, kó fi odindi ìdajì ẹ̀ gbé oògùn yẹn mì, ìdajì gidi o, kì í ṣe kó kàn fi tọ́ ètè. Omi lásán ni mo wí, kì í ṣe tíì, kì í ṣe omi ọsàn. Odindi hóró ni kó gbé mì, kò gbọdọ̀ rún un, kò gbọdọ̀ lá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà kó jókòó ṣánṣán tàbí kó máa rìn káàkiri àgbàlá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó jẹun, kó tó lo oògùn mìíràn, àgàgà calcium, torí calcium á dì mọ́ ọn nínú ikùn ni, kò ní jẹ́ kó wọlé. Kò gbọdọ̀ tún dùbúlẹ̀ àfi tó bá ti jẹun. Tó bá jẹ́ àdúrà ni, kó gbà á lórí àga, Ọlọ́run á gbọ́.

Ṣùgbọ́n kó tó gbé òmíràn sẹ́nu, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà ná, kó wo ọ̀nà ọ̀fun yẹn. Tí oúnjẹ bá ń há a lọ́fun, tàbí tó ń dùn ún bó bá ń gbé nǹkan mì, kó dá a dúró lónìí yìí, ẹ má dúró de àpọ́íńmẹ́ǹtì kankan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ́rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ. Mi ò ní ní irọ́ ló ń pa, ohun tó kà wà níbẹ̀. Àléébù ìwé inú páálí ni pé ó máa ń to gbogbo ẹ̀ sójú kan bí ẹni to ata sórí àtẹ, inú rírun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan tí nọ́ọ̀sì lè ṣiṣẹ́ títí fẹ̀yìn tì kó má fojú kan ẹyọ kan. Ti eegun àgbọ̀n yẹn, èmi fẹ̀yìn tì, mi ò rí ẹyọ kan.

Èrè ẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ sọ. Lọ́dún 1996 àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé èsì jáde lórí obìnrin 2,027 tí eegun ẹ̀yìn wọn ti rún tẹ́lẹ̀, bíi ti Iye gẹ́lẹ́. Wọ́n fún àwọn kan ní alendronate, wọ́n fún àwọn tó kù ní hóró òfìfo tí kò ní oògùn nínú, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Nínú 100 tó ń gbé òfìfo mì, eegun ẹ̀yìn mìíràn tún rún lára èèyàn 15. Nínú 100 tó rí oògùn gidi lò, èèyàn 8. Ti ìbàdí, nínú 1,000 tí kò rí oògùn, 22 ló ṣẹ́, nínú 1,000 tó rí i, 11. Ẹ tún wá gbọ́ èyí: àwọn tó ń gbé òfìfo mì náà ń sunkún inú rírun àti àyà títa, iye wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn tó ń lo oògùn.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìṣirò yìí tàn yín o. Nínú 100 yẹn, 85 ni ẹ̀yìn wọn ò ní rún láàárín ọdún mẹ́ta bí wọn ò tiẹ̀ lo nǹkankan. Àwọn 8 lò ó, ó ṣì rún. Èèyàn 7 péré ló jèrè, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe lè mọ̀ pé òun ni. Ibi tí oògùn yìí ti máa ń jìyà lójú àwa èèyàn nìyẹn, tó bá ta yín láyà ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ tí ìbàdí tó yẹ kó ṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ ò bá ṣẹ́, ta ló máa wá sọ fún yín?

Èmi mọ ìbàdí tó ṣẹ́. Obìnrin kan wà tí mo tọ́jú nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó ṣì ń lọ ṣa kajú lóko ara ẹ̀. Ẹnu àbáwọlé balùwẹ̀ ló ti yọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, wọ́n fi ọ̀pá dè é, ó wà lórí ẹní fún oṣù méjì àti ààbọ̀ kí wọ́n tó gbé e wá bá wa. Mo yí i padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láti wẹ̀ ẹ́, egbò ìdí ẹ̀ jìn débi pé ìka mi mẹ́rin wọ̀ ọ́. Kò rìn mọ́. Ikọ́ ló wá mú un lọ níkẹyìn, àyà ẹ̀ ló kún fómi torí pé ó ti pẹ́ jù lórí ìdùbúlẹ̀. Kò sí ìwé nínú páálí kankan tó ń kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ téèyàn ò bá lo oògùn, ìbá jẹ́ pé ó wà ni, ẹ̀gbọ́n ẹ ìbá kà á.

Ewu wá dà? Ti àgbọ̀n, lára àwọn tó ń lò ó fún osteoporosis, nínú 10,000 èèyàn ẹ lè rí ẹnì kan lọ́dún, ó tilẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gba irú oògùn yìí lábẹ́rẹ́ tó le nítorí àrùn jẹjẹrẹ tó ti wọ eegun ló máa ń bá jù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ti wá. Ẹ̀yà tó kàn yín níbẹ̀ ni pé tí eyín jíjẹrà kan bá wà lẹ́nu Iye, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kó jinná kó tó tún bẹ̀rẹ̀, kó sì máa sọ fún oníṣègùn eyín lọ́jọ́kọ́jọ́ pé òun ń lo oògùn eegun. Pákò ẹ̀ kò ní wàhálà, kó máa rin ín lọ.

Ti itan, ìyẹn ló jọ bí àlọ́ létí ẹ̀gbọ́n ẹ, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ẹ wò ó báyìí: eegun wa kì í ṣe òkúta, lójoojúmọ́ làwọn kan ń wó o nínú tí àwọn kan ń mọ ọ́n padà, bí bíríkìlà tó ń tún ògiri àtijọ́ ṣe. Téèyàn bá ti dàgbà, pàápàá obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dá, àwọn tó ń wó á yá ju àwọn tó ń mọ lọ, eegun á wá dà bí òpó tí ikán ti jẹ nínú, lóde ó dúró, nínú ó ti dihò. Alendronate ń sọ fún àwọn tó ń wó pé kí wọ́n rọra. Ó dáa. Àmọ́ tí wọ́n bá rọra jù fún ọ̀pọ̀ ọdún, eegun tó ti sán kéékèèké ò ní rí ẹni wó o kúrò kí wọ́n fi tuntun rọ́pò, ibẹ̀ ni itan ti lè ṣẹ́ láìsí ìṣubú gidi. Lọ́dún 2020 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti California lórí obìnrin tó lé ní 196,000, 277 ni itan wọn ṣẹ́ lọ́nà yẹn. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé tí 10,000 obìnrin òyìnbó bá lò ó fún ọdún mẹ́ta, ìbàdí 149 tí ìbá ṣẹ́ ni kò ní ṣẹ́, itan 2 ló máa ṣẹ́. Tàwọn obìnrin ilẹ̀ Ásíà burú díẹ̀ jùyẹn lọ, 91 sí 8, torí náà tiwa náà lè máà rí bákan náà pẹ̀lú tòyìnbó, ṣùgbọ́n ẹ rí ibi tí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí. Ewu yẹn máa ń pọ̀ sí i bí ọdún bá ṣe ń gun orí ọdún, ó sì máa ń wálẹ̀ kíá tí wọ́n bá dá oògùn dúró. Ìdí nìyẹn táwọn dókítà fi máa ń jókòó tún un wò lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún, wọ́n lè ní kéèyàn sinmi lílò ẹ̀, torí oògùn yẹn á ṣì wà nínú eegun fún ìgbà pípẹ́. Tí itan Iye tàbí ibi tí itan ti pàdé ikùn bá ń ro ó ní ríro kan tí kò nídìí, kó má fi róòbù pa á lásán, kó wí.

Lójú tèmi o, ẹni ọdún 72, ọrùn ọwọ́ ti ṣẹ́, eegun ẹ̀yìn méjì ti rún, òun gan-an ni wọ́n ṣe oògùn yìí fún. Ẹ ò tiẹ̀ nílò kẹ́ ẹ máa wá ẹ̀rọ tó ń wọn eegun kiri, èyí tó ti ṣẹ́ ti sọ̀rọ̀. Tó bá wá lò ó bó ṣe yẹ, tí àyà ṣì ń ta á, ọ̀nà mìíràn wà: abẹ́rẹ́ kan ń jẹ́ zoledronic acid, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fà á sínú iṣan pẹ̀lú omi, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọ̀fun. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín wò, wọ́n á sì rí i pé calcium àti fítámì D ò lọ sílẹ̀ lára ẹ̀. Ibà àti ara ríro bí ẹni tí màlúíríà mú lè tẹ̀ lé èyí àkọ́kọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, parasitámọ́ọ̀ ni wọ́n fi ń bá a yí. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà sáré lọ ra oògùn ibà.

Àgbo yẹn, mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó ń tà á pàápàá ò ní sọ fún yín. Àdúrà ní tiẹ̀ kì í bá oògùn jà. Ẹ bá mi kí Iye, ẹ sì fi sìmẹ́ńtì tí kò dán tẹ́ ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì yẹn kó tó tún gbé e ṣubú.

Ẹ káàsán, Ma. Tíṣà ni mí ní Kabba, ẹni ọdún 53. Mo lọ kí ọmọ mi l'Ábújá, wọ́n wọn eegun mi, wọ́n ní -1.6, pé ó ti ń fúyẹ́. Nǹkankan ò ṣẹ́ lára mi rí, mi ò sì ní àìsàn kankan. Ẹ̀rù ń bà mí, mo fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn kó tó di pé mo tẹ̀. *Tíṣà.*

Ẹ rọra, Tíṣà. Tí nọ́ńbà yẹn bá dé -2.5 tàbí kó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ la ń pè é ní osteoporosis. Tiyín ò tíì débẹ̀, ẹ ò ṣẹ́ rí, ẹ ò sì lo oògùn tó ń jẹ eegun. Nínú irú yín, ẹni tí oògùn máa gbà là kéré gan-an, gbogbo yín lẹ sì jọ máa gbé wàhálà ẹ̀, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọdún tí ẹ lè nílò ẹ̀ lẹ́ni 70. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi ni. Ẹ bi ìyá yín léèrè bóyá ìbàdí wọn tàbí ti bàbá yín ṣẹ́ rí, ìyẹn ṣe pàtàkì, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Bí nǹkan oṣù yín bá dá kẹ́ ẹ tó pé 45, ẹ sọ ìyẹn náà. Yàtọ̀ síyẹn, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi rìn lọ síléèwé, ẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀, ẹ máa jẹ ẹja kéékèèké tí wọ́n ń jẹ teeguntẹran, wàrà àwọn Fúlàní náà dáa, ẹ jẹ́ kí oòrùn máa rí apá yín. Ẹ lọ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Nọ́ọ̀sì wa, mo kí yín o. Ẹni ọdún 66 ni mí, dírẹ́bà ni mí tẹ́lẹ̀, Ẹ̀gbẹ̀ ni mo wà. Orúnkún ló ń dà mí láàmú. Kẹ́mísì kan máa ń di oògùn fún mi nínú ọ̀rá, funfun kéékèèké méjì, pupa kan, yẹ́lò kan, mo ti ń lò ó ó lé lọ́dún méjì, ara mi yá gágá. Àmọ́ ojú mi ti wú, gbogbo sòkòtò mi sì ti ń wọ́lẹ̀, ìyàwó mi ní mo ń kúrú. Aládùúgbò mi kan ní oògùn eegun ọlọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ wà. Ṣé kí n fi kún un? *Dírẹ́bà.*

Bàbá wa, sòkòtò yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo lẹ́tà tó wọlé. Sòkòtò kì í gùn, ẹ̀yìn ló ń wálẹ̀.

Mi ò lè rí inú ọ̀rá láti ibi tí mo wà, àmọ́ oògùn tó ń jẹ́ kí ara yá kíákíá tí ojú tún ń wú bí ẹni tó sanra, mo fura sí prednisolone tàbí dexamethasone. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ni wọ́n. Oògùn rere ni wọ́n nípò wọn, wọ́n máa ń gba ẹ̀mí oníkọ́-fée là, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó mọ eegun í jẹ tó wọn, tọkùnrin tobìnrin. Prednisolone tó bá ti tó mílígíráàmù 2.5 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, dókítà tó bá mọṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa eegun onítọ̀hún, bẹ́ẹ̀ hóró tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, 5 ni. Ẹ̀yin ti lo ọdún méjì, ẹ ò sì mọ iye tẹ́ ẹ̀ ń gbé mì.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o, Bàbá: ẹ má ṣe jáwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Téèyàn bá ti lò ó pẹ́, ara á ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tiẹ̀, tí ẹ bá dá a dúró gbà, ẹ lè dákú, ó lè gba ẹ̀mí. Ẹ kó ọ̀rá yẹn bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ tó wà nínú ẹ̀, ẹ gbé e lọ síwájú dókítà, òun ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún yín. Ilé ìwòsàn ECWA wà nítòsí yín níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín, wọ́n ti rí irú ẹ̀ rí.

Oògùn ọlọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ tí ẹ̀ ń béèrè, ó lè wúlò fún yín lóòótọ́, wọ́n máa ń lò ó fún irú èyí, fọ́kùnrin náà. Àmọ́ ẹ má rà á fúnra yín. Pupa àti yẹ́lò yẹn lè jẹ́ diclofenac, oògùn ara ríro, tàbí ọmọ ìyá ẹ̀, wọ́n máa ń bá kíndìnrín jà, wọ́n sì máa ń dá egbò síkùn. Tí kíndìnrín bá ti rẹ̀ sílẹ̀ púpọ̀, alendronate kì í ṣe fún irú wọn mọ́, tí egbò bá sì wà nínú ikùn, ẹ ti ka ohun tó ṣe Iye ará Ìsánlú lókè. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wáyé, kí wọ́n sì ya èksíréè ẹ̀yìn yín. Kí wọ́n sì wo orúnkún yẹn fúnra ẹ̀, torí látọdún méjì sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ò tíì wò ó, oògùn kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀yin kẹ́mísì tẹ́ ẹ̀ ń dì í lọ́rá fáwọn èèyàn, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ara yín.

Mama, ẹ jọ̀ọ́, Lọ́kọ́ja ni mo ti ń kọ̀wé. Abẹ́rẹ́ denosumab ni mọ́mì mi ń gbà, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n ti gba mẹ́ta. Àbúrò mi tó ń fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó ti pàdánù iṣẹ́, oṣù méje ti lọ báyìí látìgbà tí wọ́n ti gba èyí tó kẹ́yìn. Mọ́mì ní ara òun le, pé ká jẹ́ kó sinmi bí wọ́n ṣe ń sinmi tàwọn tó ń lo oníhóró. *Ọmọ Lọ́kọ́ja.*

Rárá o, ti mọ́mì ò rí bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Oníhóró máa ń wà nínú eegun fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn téèyàn bá dá a dúró. Denosumab ní tiẹ̀, bí oṣù mẹ́fà bá ti pé ó ti ń tán lọ, àwọn tó ń wó eegun tó ti dè mọ́lẹ̀ á sì jáde wá bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀, eegun ẹ̀yìn lè rún méjì mẹ́ta léraléra láàárín àkókò kúkúrú. Oṣù kan lẹ ti fi kọjá, ẹ má jẹ́ kó di méjì. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ lọ bá dókítà: bóyá kẹ́ ẹ rówó ra ọ̀kan sí i, bóyá kí wọ́n gbé mọ́mì bọ́ sórí alendronate tàbí zoledronic acid, kó má ṣáà jókòó lásán.

Nǹkan kan tún kù. Inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ yìí sí, òtútù 2 sí 8, kì í ṣe inú fìrísà, tó bá sì ti kúrò níbẹ̀ ìwọ̀nba ọjọ́ ló ní. Bí iná wa ṣe rí, kí ẹni tó máa fi ránṣẹ́ mọ ìyẹn kó tó náwó.

Nọ́ọ̀sì, bàbá mi gbin kọfí sílẹ̀ kó tó kú, òun la ṣì ń yan tá à ń mu láràárọ̀. Ṣé mo lè fi gbé oògùn eegun mi mì? Omi lásán ń rìn mí lọ́kàn láàárọ̀. *Ẹni ọdún 69, lẹ́bàá Kabba.*

Mọ́mì, ẹ má dán an wò. Kọfí tàbí omi ọsàn máa ń gé ohun tó ń wọ ara nínú oògùn yẹn kù ní bí 60 nínú 100, nǹkan tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀. Ẹ fi omi gbé e mì, kẹ́ ẹ yan kọfí yín lórí ìdúró, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á ti pé kó tó ho. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.